Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Lójú Pópó Wa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìtọ́jú Ọkọ̀ àti Wíwa Ọkọ̀ Láìléwu

Níbi tí a bá ti nílò nọ́ńbà, Toyota Corolla la fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó wọ́pọ̀ láti Èkó títí dé Ìlọrin. Bí tiyín bá jẹ́ irú mìíràn, ohun tí ìwé ọkọ̀ yín àti bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kánjúkánjú ni mo máa ń jáde láàárọ̀. Kí ni kí n wò kí n tó sítáàtì ọkọ̀?

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Ẹ yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fojú wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá tẹ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ ń jò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀. Omi mímọ́ tó kán sílẹ̀ lábẹ́ ibi tí èrò iwájú ń jókòó, omi AC ni, kò léwu. Bó bá dúdú tó sì ki, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá pọ́n bíi zóbò tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí epo, ọ́ìlì jíà ni. Kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, máa ń ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ sì máa ń dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tó ń yọ̀ nítòsí táyà, tó mọ́ tàbí tó ní àwọ̀ bíi ti tíì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi bíréèkì. Ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ kúrò nílé.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo ọ́ìlì, ike kúláǹtì, ike omi bíréèkì àti omi wáípà. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ fún mẹ́káníìkì tí ẹ ń rí lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.

Fọkanáísà àdúgbò wa máa ń fọ́n afẹ́fẹ́ dé 40, ó ní bí títì wa ṣe rí ló fà á. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá o. Iye tó yẹ wà lára bébà kékeré tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó rí i. Fún ọ̀pọ̀ Corolla, láàárín 30 sí 33 psi ni (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Ara táyà ni fọkanáísà ti ń mú 40 tirẹ̀, níbi tí wọ́n kọ MAX PRESS 44 PSI tàbí 51 PSI sí. Ìyẹn ni òpin ohun tí táyà náà lè gbà. Kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín nílò.

Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, àárín nìkan ló fi ń tẹ ilẹ̀. Àárín yẹn á tètè jẹ, kò ní lè di títì mú nínú òjò, kòtò kan ṣoṣo sì lè ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ló burú jù. Gbogbo ìgbà tó bá ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká tó ń nà. Kíká yẹn ló ń mú ooru jáde, ooru náà ló sì ń tú rọ́bà kúrò lára wáyà inú rẹ̀. Ẹ fi èrò márùn-ún àti ẹrù kún un, kí ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lágogo méjì ọ̀sán: irú ibẹ̀ ló ti ń bẹ́. Ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n ń sọ pé “ayé ló ṣe é,” afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀.

Ìgbà tí táyà tutù ni kí ẹ wọn ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn ju kìlómítà 2 tàbí 3 lọ. Bí táyà bá ti sáré, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi 4 sí 6 psi lé sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá bá 36 nínú táyà tó ti gbóná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ ra gèéjì tiyín, torí gèéjì ẹ̀gbẹ́ títì tó ti já bọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kì í sọ òótọ́ mọ́. Ẹ rántí sípéà pẹ̀lú. Sípéà tín-ín-rín tó máa ń bá ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá, 60 psi ni tirẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi í sáré ju 80 km/h lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ orí táyà? Ṣé táyà tòkunbọ̀ dáa?

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ìparí ìlà náà ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni nọ́ńbà mẹ́rin yìí máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí táyà náà padà kí ẹ rí i kí ẹ tó sanwó.

Rìnrìn nìkan kọ́ ló ń gbó táyà. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń gbẹ rọ́bà bó tilẹ̀ wà lórí àtẹ. Nínú ooru tiwa yìí, a kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi táyà tó ti lé ní ọdún 5 rin ọ̀nà jíjìn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì kún tó. Ibẹ̀ gan-an ni táyà tòkunbọ̀ ti ń tan èèyàn jẹ: ojú á kún, wọ́n á ti fi nǹkan pa á lára, á máa dán bíi bàtà ọdún. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ẹni tó yọ ọ́ lókè òkun rí kó tó yọ ọ́. Bí ẹ bá máa rà á dandan, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó ká, kí ẹ wò bóyá ó ń sán wẹ́wẹ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa inú rẹ̀ yíká, kí ẹ wá ibi tí wọ́n lẹ̀ àti ibi tó wú. Táyà tí wọ́n ti lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dá a padà.

Táyà tuntun méjì sàn ju tòkunbọ̀ mẹ́rin lọ. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi méjì tuntun náà sí, kódà bó bá jẹ́ táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà máa bá yín jiyàn lórí èyí. Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín: bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ á kàn máa lọ tààrà títí ẹ ó fi dín eré kù, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á fì yí po kí ọwọ́ yín tó ká a.

Ẹ ka nọ́ńbà tó kù pẹ̀lú. Lára 195/65R15 91H, 91 ni iye ẹrù tí táyà kan lè gbé, ìyẹn 615 kg, H sì ni eré tó lè sá, 210 km/h. Ẹ má ra èyí tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré ju èyí tó wà lára bébà ilẹ̀kùn. Ní ti ojú táyà, àwọn gegele kéékèèké wà nínú àwọn kòtò ojú rẹ̀. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ọgba pẹ̀lú wọn, ó ti ku 1.6 mm, táyà ti parí nìyẹn. Kí òjò tó dé, ẹ pààrọ̀ èyí tó ti ku 3 mm.

Bí táyà bá bẹ́ lórí eré ńkọ́?

Ẹ má tẹ bíréèkì. Ohun tí ẹsẹ̀ máa kọ́kọ́ fẹ́ ṣe nìyẹn, òun ló sì ń dojú ọkọ̀ dé. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú pinpin, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ tààrà, kí ẹ rọra máa yọ ẹsẹ̀ lórí epo. Ìgbà tí eré bá ti lọ sílẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra tẹ bíréèkì kí ẹ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lè ba ríìmù jẹ́ kí ẹ tó dé ibi tó tẹ́jú. Ríìmù ṣeé rà.

Mo fẹ́ pààrọ̀ táyà fúnra mi. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún?

Orí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fa háńdì bíréèkì, kí ẹ fi jíà sí P, kí ẹ fi òkúta há táyà tó wà ní igun òdìkejì. Kí ẹ tó jáàkì ọkọ̀ sókè ni kí ẹ ti dẹ àwọn nọ́ọ̀tì, ìdajì yíyí péré. Bí ẹ bá ń fi agbára tú nọ́ọ̀tì lórí jáàkì, ẹ lè ti ọkọ̀ ṣubú. Lábẹ́ etí ọkọ̀, nítòsí táyà kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí irin rẹ̀ nípọn tí wọ́n gé àmì méjì sí. Ibẹ̀ nìkan ni jáàkì ń wọ̀. Ẹ má ki orí tàbí ẹsẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì. Ẹ ti táyà tí ẹ yọ sábẹ́ rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, kó lè gba ọkọ̀ dúró bí jáàkì bá yẹ̀.

Bí ẹ bá ń dí i padà, ẹ má dí nọ́ọ̀tì ní títẹ̀léra. Ẹ dí ọ̀kan, kí ẹ fò sí èyí tó kọjú sí i, bẹ́ẹ̀ ni títí wọ́n á fi jókòó, kí ẹ tó sọ ọkọ̀ sílẹ̀ fún dídí ìkẹyìn. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún wọn wò. Ẹ má gun sípánà lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń já bóòtù.

Ọwọ́ gèéjì ooru ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣé mo lè máa rọra wà á dé ilé?

Ẹ má dán an wò. Orí ẹ́ńjìnnì òde òní, irin alumíníọ̀mù ni. Bó bá gbóná sódì, á wọ́. Owó tí ẹ máa ná lórí ìyẹn lè tó owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ odindi.

Kíá, ẹ pa AC. Ẹ wá tan híta, kí ẹ gbé e dé òpin, kí ẹ sọ wíńdò kalẹ̀. Ẹ ó làágùn, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré ni híta yẹn. Omi ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń bá a tú ooru dà nù. Bí ọwọ́ gèéjì kò bá sọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdérí yẹn ló ń tẹ omi inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa hó bó tilẹ̀ ti kọjá 100°C. Bí ẹ bá ṣí i báyìí, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á tú lu ojú àti àyà yín. Ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná lára tàbí sínú rẹ̀, kó má bàa sán.

Bó bá ti tutù, ohun tó ṣẹlẹ̀ á fi ara rẹ̀ hàn. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé inú súnkẹrẹ nìkan ló ti ń gbóná, tó sì ń tutù bó bá ti ń sáré, fáànù rẹ̀ ni kí ẹ fura sí: mọ́tò fáànù, fíúùsì tàbí rílè rẹ̀. Ẹ tan AC kí ẹ wò ó. Fáànù gbọ́dọ̀ yí. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé orí eré ló ti ń gbóná, omi rẹ̀ ló dín, tàbí rédíétọ̀ rẹ̀ ti dí, tàbí wọ́tà póńpù ti kú. Bí omi bá ń lọ láìsí ibi tó ń jò sí, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn, tí ọ́ìlì sì dà bíi tíì oní-mílíìkì, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdènà tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ti jó. Ẹ má tún sítáàtì rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ.

Mẹ́káníìkì ní kí n yọ tẹ́mósítáàtì dà nù, pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀.

Àṣà burúkú tó ti wọ̀ wá lẹ́wù nìyí. Tẹ́mósítáàtì Corolla máa ń ṣí ní nǹkan bíi 82°C. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún, kó sì dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á sì máa da epo sí i. Epo á máa tán kíákíá, iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ́ìlì á sì tètè bàjẹ́. Kò sì tún wo àrùn tí ẹ gbé lọ bá mẹ́káníìkì sàn, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Bí tẹ́mósítáàtì bá kú, ẹ ra òmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi okùn so ó sínú ìkòkò omi tó ń gbóná lórí iná. Kí omi tó hó, ó gbọ́dọ̀ ti ṣí.

Kúláǹtì ni kí ẹ máa lò, èyí tí wọ́n ti pò tàbí èyí tí ẹ máa fi omi tí kò ní èròjà kankan pò ní ìdajì sí ìdajì. Omi kànga àti omi bọ̀ọ̀hóòlù ní ohun tó ń dì mọ́ inú rédíétọ̀ bí ó ṣe ń dì mọ́ ìdí kẹ́tùrù. Bí omi bá tán lójú ọ̀nà, omi inú ọ̀rá lè gbé yín délé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dà á nù kí ẹ rọ kúláǹtì tó péye sí i.

Ìgbà wo ni mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, lítà mélòó ló sì ń gbà?

Ọ̀pọ̀ Corolla 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà ń gba lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà tuntun. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2ZR, ń gba 4.2. Àwọn mẹ́káníìkì kan á da gálọ́ọ̀nù lítà 4 sínú gbogbo ọkọ̀ láìbìkítà. Kó kún kọjá ìlà òkè gèéjì ọ́ìlì (ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì) kò dára ju kó dín lọ, torí á máa ru fọ́ọ̀mù, á sì máa wá ibi tó máa gbà jò.

Nínú súnkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ bí kìlómítà kò tilẹ̀ lọ. Nítorí náà, 5,000 km tàbí oṣù 6, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, ló bá wa mu. Ẹ kíyè sí i o: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ni wọ́n fi ń kà. Bí ẹ bá dúró de 5,000 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù wọn, ẹ ti rin nǹkan bíi 8,000 km. 5,000 km kò ju nǹkan bíi máìlì 3,100 lọ.

Ohun tí wọ́n kọ sí ìdérí ọ́ìlì ni kí ẹ rà, ó sì lè jẹ́ 5W-30 tàbí 0W-20. Wọ́n á ní 20W-50 ló ki tó sì bá ooru wa mu. Ó lè wúlò fún ẹ́ńjìnnì tó ti gbó tó ń mu ọ́ìlì, ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tó ṣì le, kì í tètè dé òkè nígbà tí ẹ bá sítáàtì láàárọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni irin ń gé irin. Bí ẹ bá fẹ́ wo gèéjì, ẹ pa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ dá a padà síbẹ̀, kí ẹ tó tún fà á yọ kà.

Iná pupa tó dà bí ìkòkò ọ́ìlì kò túmọ̀ sí “ẹ ra ọ́ìlì lọ́la.” Ohun tó ń sọ ni pé ọ́ìlì kò dé ibi tó yẹ mọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ẹ wà.

Iná ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ òféefèé tàn. Rẹ́wáyà ní kí n yọ orí bátìrì, á kú.

Á kú lóòótọ́, á sì tún tàn. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú síkánà, ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀ sí, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní apá awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á, kí ẹ gba kóòdù náà sínú ìwé kí wọ́n tó pa á rẹ́. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n, púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kan kò jó epo. Epo tútù ń lọ sínú sáléńsà nìyẹn, ó sì ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ dín eré kù kí ẹ lọ sí ibi iṣẹ́ tó sún mọ́ yín.

Bíréèkì ń han tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ mi sì máa ń rì.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ohùn tó ń han máa ń wá láti ara irin kékeré kan lára páàdì. Wọ́n dìídì fi í síbẹ̀ kó lè kígbe nígbà tí páàdì bá ku díẹ̀. Bó bá ti ku 3 mm, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ti kọjá híhan tó ń họ gààrà, irin ti ń jẹ dísìkì nìyẹn. Méjì-méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ páàdì, ọ̀tún àti òsì pọ̀. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, dísìkì ti wọ́.

Rírì burú jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, tàbí omi bíréèkì ń jò, tàbí masítà sílíńdà ti bàjẹ́. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi bíréèkì irú DOT 3 tuntun kì í hó títí dé 205°C, ṣùgbọ́n bó bá ti mu omi, ooru tó kéré sí ìyẹn púpọ̀ máa ń mú un hó. Bó bá hó nínú páìpù nígbà tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn bíi ti ọ̀nà Iléṣà tàbí Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ẹsẹ̀ á kàn rì ni. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Omi ọṣẹ, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì sítíárìn kò gbọdọ̀ wọ inú ike yẹn, torí wọ́n á ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, ẹ ó sì pààrọ̀ rẹ̀ láti orí dé ìdí.

Bí bíréèkì bá já lórí ìrìn: ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó lè tún mú. Ẹ fa jíà sílẹ̀ sí 2 tàbí L. Ẹ rọra máa fa háńdì bíréèkì, kí àtàǹpàkò yín wà lórí bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ lè dẹ ẹ́ bí ẹ̀yìn bá fẹ́ yọ̀. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, torí sítíárìn á le. Nítorí èyí náà ni ẹ kò fi gbọdọ̀ fi jíà sí N ní ìsọ̀kalẹ̀ nítorí àtifi epo pamọ́. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jíà ń bá bíréèkì dá ọkọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mu epo níbẹ̀.

Ọkọ̀ kò jí láàárọ̀. Bátìrì ni àbí ọ́títánétọ̀?

Bí ẹ bá ní mítà, ẹ wọn bátìrì tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú: 12.6 fóòtì kún, 12.2 ti dé ìdajì. Bí ọkọ̀ bá ti jí, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bó bá ṣì wà ní 12, ọ́títánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ẹ má lọ ra bátìrì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wáyà yá iná, ẹ kọ́kọ́ so pupa mọ́ orí + bátìrì tó kú, kí ẹ so orí rẹ̀ kejì mọ́ + èyí tó dáa. Lẹ́yìn náà, ẹ so dúdú mọ́ − èyí tó dáa, kí ẹ wá so orí dúdú tó kù mọ́ irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Bátìrì lè máa tú gáàsì tó ń gbiná, orí ìsopọ̀ ìkẹyìn sì ni iná ti ń ṣẹ́.

Eré mélòó ni òfin gbà, báwo sì ni mo ṣe lè mọ àlàfo tó yẹ?

Fún ọkọ̀ àdáni: 50 km/h láàárín ìlú, 80 lójú títì ìlú sí ìlú, 100 lọ́nà márosẹ̀. Fún takisí àti bọ́ọ̀sì, 90 ni ti ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tí gèéjì rẹ̀ ń ka máìlì, ẹ há a sórí: 31, 50, 62. Bí tiyín bá wà lórí 80 máìlì, nǹkan bíi 129 km/h ni ẹ ń sá.

Ní ti àlàfo, ẹ mú òpó kan lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá rẹ̀, ẹ ka “ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún kan ó lé méjì.” Bí ẹ bá dé ibẹ̀ kí ẹ tó kà tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Nínú òjò, ẹ kà á dé mẹ́rin. Danfó kan á kó sáàárín, kò burú, ẹ tún fà sẹ́yìn. Ní 100 km/h, ọkọ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bojú wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá 5 ti fọ́jú rin nǹkan bíi mítà 139.

Bí òjò ńlá bá mú mi lójú ọ̀nà ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló máa ń tan dọ́ọ̀bù pọ́ńtà.

Gbogbo wọn ló ń ṣì í ṣe. Bí iná méjèèjì bá ń ṣẹ́jú, ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè mọ ìgbà tí ẹ fẹ́ yà, kò sì lè mọ̀ bóyá ẹ dúró ni àbí ẹ ń lọ. Iná iwájú kékeré ni kí ẹ tàn, yóò tan ti ẹ̀yìn pẹ̀lú. Dọ́ọ̀bù pọ́ńtà wà fún ọkọ̀ tó ti dúró.

Bí sítíárìn bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, táyà ti gun orí omi. Ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí epo, ẹ di sítíárìn mú tààrà, ẹ má tẹ bíréèkì. Táyà á bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àgbàrá ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Omi tó ń ṣàn tó ga tó 30 cm lè gbé ọkọ̀ kékeré, ẹ kò sì lè rí gọ́tà tí kò ní ìdérí lábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá wọ ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, omi kò ṣeé tẹ̀ rẹ́ bí afẹ́fẹ́, àwọn ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì á wọ́. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má tún sítáàtì rẹ̀. Ẹ tì í jáde.

Òru ńkọ́?

Bí ẹ bá lè dúró di àfẹ̀mọ́jú, ẹ dúró. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ nu gíláàsì iwájú nínú àti lóde. Eruku àti òógùn tó wà nínú ló ń sọ iná ọkọ̀ ẹlòmíràn di ìràwọ̀. Bí ẹni tó ń bọ̀ kò bá rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fi tiyín san ẹ̀san. Etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún ni kí ẹ tẹjú mọ́ títí yóò fi kọjá. Ẹ má sáré ju ibi tí iná yín mọ lọ, torí tírélà tó bàjẹ́ láìsí iná ẹ̀yìn wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka igi tàbí ewé tútù lójú títì, ẹ dín eré kù lójú ẹsẹ̀: ọkọ̀ kan ti kú síwájú.

Tí ọkọ̀ tèmi bá kú lọ́nà márosẹ̀?

Ẹ yà kúrò lójú títì pátápátá, kí ẹ tan dọ́ọ̀bù pọ́ńtà. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tí kò kọjú sí ọkọ̀ jáde, kí gbogbo èrò lọ dúró sẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tàbí nínú koríko. Ẹ má dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ gbé onígun mẹ́ta pupa sẹ́yìn, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú àyà yín bí ẹ ṣe ń rìn lọ, kí àwọn tó ń bọ̀ rí i. Bó bá jẹ́ ibi kọ́nà, ẹ gbé e ṣáájú kọ́nà náà. Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 122 ni nọ́ńbà wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Èkó, 112 tàbí 767 wà fún pàjáwìrì.

Ṣé dandan ni bẹ́líìtì fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn? Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Dandan ni. Èrò ẹ̀yìn tí kò so bẹ́líìtì á fò lu ẹni iwájú. Ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níwájú ló wà nínú ewu jù, torí àárín ìyá àti dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà. Ìjókòó ọmọ ọwọ́ tó kọjú sẹ́yìn kò gbọdọ̀ sí níwájú báàgì afẹ́fẹ́ láéláé. Ẹ̀yìn ni kí gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 máa jókòó.

Mo máa ń fi kẹ́ẹ̀gì epo sínú bútù nítorí ọ̀wọ́n epo.

Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lónìí. Ooru ń mú kí epo máa tú gáàsì sínú ọkọ̀ tí ẹ tì pa, ọkọ̀ tó bá sì gbá yín lẹ́yìn, bútù ló máa kọ́kọ́ bá. Ẹ má sì jẹ́ kí táǹkì máa gbẹ kí ẹ tó ra epo: inú epo yẹn ni fúẹ́ẹ̀lì póńpù ti ń rí ìtútù. Bí ẹ bá dé ìlàrin, ẹ yà sí ilé epo.